Madagáskà, Erékùṣù Ilẹ̀ Pupa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Madagáskà dénú, oko ìrẹsì àti ibojì ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ibi méjèèjì yìí ni ìtàn, ìgbàgbọ́, òfin àti owó wọn ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn fi gùn níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan wọ́n, tí a kò sì pẹ́ níbòmíràn.

Níbo gan-an ló wà, báwo ló sì ṣe tóbi tó?

Inú Òkun Íńdíà ni, ní gúúsù ìlà-oòrùn Áfíríkà. Níbi tí òun àti Mòsáḿbíìkì ti súnmọ́ra jù, nǹkan bí 400 kìlómítà omi ló là wọ́n láàárín. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 587,000 kìlómítà níbùú lóòró. Bí a bá dá ilẹ̀ Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́ta, Madagáskà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba méjì níbẹ̀. Erékùṣù mẹ́ta péré ló tóbi jù ú láyé: Greenland, New Guinea àti Borneo. Nínú orílẹ̀-èdè tó jẹ́ erékùṣù, Indonéṣíà nìkan ló jù ú lọ.

Láti orí dé ìdí, ó gùn tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó 600. Òkè gíga ló wà láàárín rẹ̀ bí eegun ẹ̀yìn. Ṣóńṣó tó ga jù, Maromokotro, ga tó mítà 2,876. Orí ilẹ̀ òkè àárín yìí náà ni olú-ìlú wọn, Antananarivo, wà, ní nǹkan bí mítà 1,280. Ẹni tó bá kó aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan lọ síbẹ̀ ní oṣù Keje yóò gbọ̀n, nítorí ìgbà òtútù wọn nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní Erékùṣù Pupa?

Nítorí erùpẹ̀ rẹ̀ ni. Ilẹ̀ pupa tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ló bo àárín orílẹ̀-èdè náà. Nígbà òjò, ọ̀gbàrá a máa gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè títí yóò fi ya gbàgà. Lavaka ni wọ́n ń pe irú ihò ńlá bẹ́ẹ̀. Odò Betsiboka a kó erùpẹ̀ náà lọ sínú òkun lẹ́bàá Mahajanga, omi ibẹ̀ a sì pọ́n débi pé ó hàn kedere nínú àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé igbó ló bo gbogbo erékùṣù náà tẹ́lẹ̀, pé iná tí ènìyàn dá ló sọ ọ́ di pápá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ìwádìí ti fi hàn pé pápá koríko wà lórí òkè àárín kí ènìyàn tó débẹ̀ rárá, àwọn lavaka kan sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó dá oko. Àmọ́ ìparun igbó ìhà ìlà-oòrùn kì í ṣe àsọdùn. Wọ́n a máa ṣán igbó, wọ́n a sun ún, wọ́n a gbin ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ síbẹ̀. Tavy ni orúkọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀, àgbẹ̀ lè fi oko sílẹ̀ títí yóò fi di igbó padà. Ní báyìí, ọdún díẹ̀ péré ni wọ́n fi ń padà sí i, ilẹ̀ kò sì rí ìsinmi. Èédú tí àwọn ará ìlú ńlá fi ń dáná náà ń jẹ lára igbó tó kù.

Kí ló fà á tí òjò fi pọ̀ ní apá kan, tí apá kejì sì gbẹ?

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Atẹ́gùn tó ń ti Òkun Íńdíà bọ̀ gbé omi lọ́wọ́. Bó bá ti kọlu ògiri òkè ní ìhà ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni yóò da omi náà sí, ju mìlímítà 2,000 lọ lọ́dún. Bó bá fi máa kọjá òkè, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn kì í rí tó mìlímítà 400 níbòmíràn. Òjò ń rọ̀ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin. Oṣù Kìíní sí Kẹta ni ìjì líle inú òkun ń jà jù. Ẹni tó ń wá àkókò tó dára láti rìnrìn-àjò, oṣù Karùn-ún sí Kẹwàá ni kó mú.

Ṣé ará Áfíríkà ni wọ́n ni, àbí ará Éṣíà?

Méjèèjì ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Malagasy, a rí ti àwọn tó ti Borneo wá, a sì rí ti àwọn Bantu tó ti ìlà-oòrùn Áfíríkà sọdá. Ti Éṣíà pọ̀ díẹ̀ sí i lórí òkè àárín, ti Áfíríkà pọ̀ jù ní etíkun, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ẹni tí kò ní méjèèjì lára. Láàárín nǹkan bí ọdún 500 sí 1000 Sànmánì Kristi ni ìletò wọn fìdí múlẹ̀.

Èdè wọn ló jẹ́rìí jù. Ní 1951, onímọ̀ èdè ará Nọ́wè kan, Otto Christian Dahl, fi hàn pé èdè Ma'anyan tí wọ́n ń sọ ní gúúsù Borneo ni ìbátan tó súnmọ́ Malagasy jù lọ, bẹ́ẹ̀ ju 7,000 kìlómítà òkun ló wà láàárín wọn. Ẹ fi ti Malay wé e: ẹ̀rin ni empat, àwọn Malagasy ní efatra, àrùn-ún ni lima, wọ́n ní dimy, ẹ̀fà ni enam, wọ́n ní enina, ojú ọ̀run ni langit, wọ́n ní lanitra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, ohùn yí padà. Màlúù ni omby, èyí tó bá ng'ombe ti Swahili mu. Adìẹ ni akoho, èyí tó bá kuku mu. Ẹni tó mú nǹkan wá ló mú orúkọ rẹ̀ wá. Àwọn tó ti Éṣíà wá gbé ọkọ̀ ojú omi alápá àti ìrẹsì dé, àwọn tó ti Áfíríkà wá sì da màlúù.

Ẹ̀kẹta wọn ni àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí. Ní gúúsù ìlà-oòrùn, àwọn Antaimoro ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Malagasy kí òyìnbó tó dé. Sorabe ni wọ́n ń pe ìwé náà. Orúkọ ọjọ́ wọn pàápàá ti ibẹ̀ wá, Yorùbá tó bá sì gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín músẹ́: Talata ni Àtàláátà, Alarobia ni Àlàrùbá, Alakamisy ni Àlàmísì.

Ẹ̀yà mélòó ló wà níbẹ̀?

Méjìdínlógún ni ìjọba ń kà. Merina àti Betsileo wà lórí òkè, Betsimisaraka ní etíkun ìlà-oòrùn, Sakalava ní ìwọ̀-oòrùn, Bara tó ń sin màlúù ní ìhà gúúsù, Antandroy ní ilẹ̀ ẹ̀gún ìsàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo wọn ló ń sọ Malagasy, ẹ̀ka-èdè ló yàtọ̀. Ìkànìyàn 2018 kà wọ́n sí nǹkan bí mílíọ̀nù 25.7, wọ́n ti tó nǹkan bí 30 mílíọ̀nù báyìí.

Báwo ni a ṣe ń ka àwọn orúkọ gígùn wọn?

Ẹ má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Lẹ́tà 21 ni wọ́n ní; kò sí c, q, u, w àti x. Lẹ́tà “o” wọn ni kí ẹ kà bí “u” wa: Toliara di “Tuliara”. “J” dún bí “dz”. Fáwẹ̀lì tó bá parí ọ̀rọ̀ kì í sábà jáde dáadáa, èyí ló ń jẹ́ kí àlejò rò pé wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú orúkọ náà sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń tú orúkọ Yorùbá. An-tanan-arivo ni “ní ìlú ẹgbẹ̀rún”, ìyẹn ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tí wọ́n ní ó ń ṣọ́ ọ. Andriana ni ọmọ ọba. Andrianampoinimerina ni “ọmọ ọba tó wà lọ́kàn Imerina”, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Merina. “Ra” tó ń bẹ níwájú ọ̀pọ̀ orúkọ jẹ́ ti ọ̀wọ̀.

Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣíwájú, olùwà a wá gbẹ̀yìn: Mihinana vary aho, “jẹ – ìrẹsì – èmi”. Izy ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, bí “ó” tiwa. Ìkíni orí òkè ni Manao ahoana. Ní etíkun, Salama. Ẹ fi tompoko kún un fún àgbàlagbà. Misaotra ni ẹ ṣeun.

Àwọn ọba wo ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn wọn?

Àwọn ọba Sakalava ló kọ́kọ́ lágbára, láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn wọn ni Andrianampoinimerina dìde ní Ambohimanga, ní nǹkan bí 1787. Ó kó àwọn ìjọba kéékèèké Merina pọ̀, ó gba Antananarivo, ó sì mú kí wọ́n mọ ògiri erùpẹ̀ sí àwọn àbàtà etí ìlú náà kí wọ́n lè di oko ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni pé òkun ni ààlà oko ìrẹsì òun. Ó kú ní 1810.

Radama Kìíní, ọmọ rẹ̀, gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di òótọ́. Ní 1817, ó bá gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Mauritius ṣe àdéhùn láti má ta ẹrú sókè òkun mọ́, wọ́n sì fún un ní ìbọn àti olùkọ́ ogun. Ẹrú inú ilé kò kúrò níbẹ̀ o. Ó di 1896 kó tó dópin. Àwọn míṣọ́nnárì ará Wales gúnlẹ̀ ní 1818, ibà sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. David Jones tó kù nínú wọn ló dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Antananarivo ní 1820.

Ranavalona Kìíní, tó jọba láti 1828 sí 1861, ni àwọn òyìnbó máa ń pè ní wèrè. Kò yé wa bí ẹni tó fi ọdún 33 dá òmìnira ilẹ̀ rẹ̀ dúró lójú Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè jẹ́ wèrè. Ṣùgbọ́n a kò ní bo ẹ̀jẹ̀ tó ta mọ́lẹ̀. Ó fòfin de ẹ̀sìn Kristi ní 1835, wọ́n sì pa àwọn tó kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ náà ni tangena gbilẹ̀: wọ́n á fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní awọ adìẹ mẹ́ta gbé mì, wọ́n á sì fún un ní májèlé èso tangena. Bó bá bi awọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó bọ́. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ó jẹ̀bi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni èyí pa.

Láti 1864 sí 1895, olórí ìjọba Rainilaiarivony ló di agbára mú. Ó fẹ́ ọbabìnrin mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá wàjà a fẹ́ èyí tó gorí oyè. Ní 1869, òun àti Ranavalona Kejì ṣe ìrìbọmi.

Báwo ni Faransé ṣe gbà á, báwo ni wọ́n sì ṣe gba òmìnira?

Àwọn ọba Merina ti ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ọ̀gágun méjì: Hazo, igbó, àti Tazo, ibà. Tazo ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní 1895. Nínú àwọn ọmọ ogun Faransé tó gúnlẹ̀ ní Mahajanga, nǹkan bí 6,000 ló kú, àìsàn ló pa gbogbo wọn tán àfi díẹ̀. Àwọn tí ìbọn pa jẹ́ nǹkan bí 25. Síbẹ̀, àwọn tó kù wọ Antananarivo ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ní 1896, Faransé sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Ní 1897, wọ́n lé ọbabìnrin tó kẹ́yìn, Ranavalona Kẹta, lọ sí Réunion, lẹ́yìn náà sí Algeria, ibẹ̀ ló kú sí ní 1917.

Ọjọ́ tí kò ṣeé gbàgbé ni 29 oṣù Kẹta 1947. Lóru ọjọ́ náà, àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn kọlu àgọ́ ológun ní Moramanga àti àwọn ibòmíràn, ọ̀pọ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti àdá lásán. Ìyà tí Faransé fi jẹ wọ́n lé ní ọdún kan. Iye àwọn tó kú di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn títí dòní, láti nǹkan bí 11,000 dé 89,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ka mọ́ iye náà ni ebi àti àìsàn tó pa àwọn tó sá wọ igbó. Ìsinmi gbogbogbòò ni ọjọ́ yẹn lónìí. Òmìnira dé ní 26 oṣù Kẹfà 1960, Philibert Tsiranana sì ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Ta ló ń ṣèjọba níbẹ̀ báyìí?

Ní oṣù Kẹwàá 2025, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwọn ọ̀dọ́ fi wọ́de nítorí àìsí iná àti omi, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ ààrẹ Andry Rajoelina. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Michael Randrianirina ni wọ́n búra fún gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Àwọn ará ìgboro náà ti lé ìjọba kúrò ní 1972, ní 2002 àti ní 2009. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní sọ pé ìyàlẹ́nu ni.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a. Mihinam-bary, “jẹ ìrẹsì”, ni wọ́n ń pe jíjẹun fúnra rẹ̀. Ohunkóhun tó bá bá ìrẹsì lọ, ìbáà jẹ́ ẹran, ẹja tàbí ẹ̀fọ́, laoka ni. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ravitoto, ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún kúná, tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àti romazava, ẹran màlúù nínú omi ẹ̀fọ́. Láàárọ̀, ìrẹsì olómi, vary sosoa, ni wọ́n ń mu.

Kapoaka ni òṣùwọ̀n ọjà wọn, àgólo mílíìkì tí a mọ̀ dáadáa. Kapoaka mẹ́ta àtààbọ̀ ni kìlógíráàmù kan. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n: bó ṣe kún gègèrè àbí bó ṣe tẹ́ lórí ló ń sọ iye tí ẹ rà gan-an.

Ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò kì í ṣe ohun àdànù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bu oúnjẹ tán, wọ́n á dá ìkòkò padà sórí iná títí ìdí rẹ̀ yóò fi pọ́n bí kọfí, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á jẹ́ kó hó. Ranovola nìyẹn, “omi fàdákà”, ohun mímu ìdí oúnjẹ. Bí ìdí ìkòkò bá ti dúdú kí omi tó wọ̀ ọ́, yóò korò. Nítorí pé ó ti hó, ó dára fún àlejò ju omi ẹ̀rọ lọ.

Mo gbọ́ pé Madagáskà ni ọ̀nà ìgbin ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní SRI ti bẹ̀rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Òótọ́ ni. Àlùfáà Jesuit ará Faransé kan, Henri de Laulanié, ló ṣàwárí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní ìhà Antsirabe ní 1983. Òjò ọdún yẹn kò tètè dé, wọ́n ní láti gbin ọ̀mùnú ìrẹsì tó ṣì kéré gan-an, wọ́n sì rí i pé ó ya ẹ̀ka ju èyí tó ti dàgbà lọ.

Ẹ gbin irúgbìn sí ebè kékeré tí kì í ṣe inú omi. Bó bá pé ọjọ́ 8 sí 12, tó ní ewé méjì, ẹ fi ọkọ́ kékeré gbé e pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ má fà á tu. Láàárín ìdajì wákàtí ni kí ẹ ti gbìn ín sóko, ẹyọ kan sí ojú kan, sẹ̀ǹtímítà 25 sí ara wọn níbùú àti lóòró. Kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá tì í wọlẹ̀ tí ẹnu gbòǹgbò kọ òkè, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi ṣàárẹ̀ kó tó tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má kún oko lómi. Ẹ bomi rin ín, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí ilẹ̀ yóò fi sán díẹ̀, ẹ tún bomi rin ín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí nìkan ni kí omi fẹ́ẹ́rẹ́ dúró lórí rẹ̀.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé gbòǹgbò ìrẹsì nílò afẹ́fẹ́. Nínú omi tó dúró, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni koríko: níbi tí kò bá ti sí omi, èpò ń bẹ lọ́nà. Ìtúlẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé ní ọjọ́ 10 sí 12 lẹ́yìn ìgbìn, lẹ́yìn náà ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá títí ewé yóò fi pàdé. Ẹni tí kò bá lówó òṣìṣẹ́ fún èyí, tàbí tí kò lè ti omi oko rẹ̀ kó sì ṣí i nígbà tó fẹ́, kò ní jèrè. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Malagasy fi dán an wò tí wọ́n sì padà sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irúgbìn tó ń gbà kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́.

Kí ló dé tí fànílà wọn fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mẹ́síkò ni igi fànílà ti wá, kòkòrò tó ń bá a gbé àtíkè òdòdó kiri níbẹ̀ kò sì sí ní Madagáskà. Ní 1841, ní erékùṣù Réunion tó wà nítòsí, ọmọ ẹrú ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Edmond ló fi igi tín-ín-rín hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1848, wọ́n fún un ní Albius gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ó kú nínú ìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé òwò àgbáyé ró. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo fànílà mọ orúkọ náà.

Agbègbè SAVA, ní àríwá ìlà-oòrùn, ni ọ̀gangan iṣẹ́ náà: Sambava, Antalaha, Vohemar, Andapa. Òdòdó ń yọ láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń là fún òwúrọ̀ kan péré. Òṣìṣẹ́ á ya ewé òdòdó, á fi ẹ̀gún gbé awọ kékeré tó ya akọ kúrò lára abo sókè, á fi àtàǹpàkò tẹ méjèèjì pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo òdòdó tó wà lórí ìdì kan. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ igi yóò rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni èso fi ń gbó.

Èso tútù kò ní òórùn kankan. Ìtọ́jú lẹ́yìn ìkórè ló ń yọ ọ́ jáde:

1. Wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná tó wà ní nǹkan bí 63 sí 65 ìwọ̀n Sẹ́ẹ̀síọ̀sì fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta. Bó bá gbóná jù, èso á sè, òórùn á kú.
2. Wọ́n á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e gbígbóná sínú àpótí fún ọjọ́ kan sí méjì kó lè làágùn. Ibẹ̀ ló ti ń di àwọ̀ ṣokoléètì.
3. Wọ́n á máa sá a sóòrùn fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa wé e padà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.
4. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àkéte lábẹ́ òjìji fún oṣù méjì sí mẹ́ta, wọ́n á sì máa fi ìka ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ.
5. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dì í, wọ́n á kó o sínú àpótí tí wọ́n tẹ́ ìwé sí, kó máa gbó sí i.

Nǹkan bíi kìlógíráàmù mẹ́fà ti tútù ló ń di ẹyọ kan ti gbígbẹ. Olè ni ọ̀tá rẹ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ a máa sùn sóko, wọ́n a sì fi abẹ́rẹ́ gún àmì sára èso nígbà tó ṣì tútù. Àpá náà kì í kúrò. Ìbẹ̀rù olè ló ń mú kí wọ́n ká a kó tó gbó, èso tí kò gbó kò sì ní òórùn tó dára. Bí omi bá kù sínú rẹ̀, yóò bu. Iye owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ìjì bá ti jà. Lẹ́yìn ìjì Enawo ti oṣù Kẹta 2017, kìlógíráàmù kan gbówó lé ju fàdákà lọ; ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó já lulẹ̀.

Kí ni famadihana? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń gbé òkú jó?

Lóòótọ́ ni, lórí òkè àárín, láàárín Merina àti Betsileo. Kì í ṣe àṣà gbogbo Malagasy. Ní ọdún márùn-ún sí méje síra, láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án tí ilẹ̀ gbẹ, ìdílé á ṣí ibojì òkúta wọn. Mpanandro, ẹni tó mọ ọjọ́ rere, ló ń yan ọjọ́. Wọ́n á gbé àwọn baba àti ìyá jáde lórí ẹní, wọ́n á wé aṣọ ṣẹ́dà tuntun, lambamena, lé èyí tó ti gbó, wọ́n á bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé wọn léjìká jó pẹ̀lú orin fèrè àti ìlù, wọ́n á sì dá wọn padà kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ a máa mú lára ẹní náà lọ sílé.

Ẹ má ṣe pè é ní ìsìnkú. Ayọ̀ ni, ẹkún kò sì yẹ níbẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ wọn, òkú kì í di baba ńlá lọ́jọ́ tó kú. Àwọn tó wà láàyè ló ń mú un débẹ̀. Ẹni tó kú sókèèrè, wọn kì í sinmi títí wọn yóò fi gbé egungun rẹ̀ wálé. Ìnáwó rẹ̀ wúwo: aṣọ, màlúù, ìrẹsì ọlọ́ràá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò. Ìdílé mìíràn ń tọ́jú owó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ibojì wọn sì lè lágbára ju ilé tí wọ́n ń gbé lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ajíhìnrere kan kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ Kátólíìkì ń ṣe é.

Ewu kan wà níbẹ̀. Àrùn àjàkálẹ̀ tí eégbọn ara eku ń kó ran ènìyàn ṣì wà lórí òkè náà. Ní 2017, ó mú ju ènìyàn 2,400 lọ, ó sì pa ju 200 lọ. Nítorí èyí, àwọn aláṣẹ ìlera kì í fẹ́ kí wọ́n sin ẹni tí àrùn yìí pa sínú ibojì tí wọ́n lè tún ṣí.

Èèwọ̀ wo ló yẹ kí àlejò mọ̀?

Fady ni orúkọ rẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti abúlé sí abúlé. Nítorí náà, ẹ má há a sórí, ẹ béèrè. Àwọn tó wọ́pọ̀: ẹ má na ìka gbọọrọ sí ibojì, ẹ ká ìka yín kọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi hàn, níbòmíràn, wọn kì í ṣiṣẹ́ oko ìrẹsì ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, níbòmíràn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ibi ọ̀wọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́” wọn, azafady, fúnra rẹ̀ ń sọ pé “kó má jẹ́ èèwọ̀ fún mi”.

Fady ti dáàbò bo igbó kan àti ẹranko kan ju òfin ìjọba lọ. Ó sì ti pa òmíràn: aye-aye, ẹranko òru oníka gígùn, wọ́n gbà pé àmì ikú ni, wọ́n a sì pa á bí wọ́n bá rí i.

Ṣé kìnnìún àti erin wà níbẹ̀?

Rárá. Kò sí kìnnìún, kò sí erin, kò sí ọ̀bọ. Erékùṣù náà ti kúrò lára Áfíríkà láti nǹkan bí 165 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì kúrò lára Íńdíà ní nǹkan bí 88 mílíọ̀nù, kí irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ tó wà. Ohun tó kún ibẹ̀ ni lemur, ẹranko orí igi tó bá ọ̀bọ tan, ju ọgọ́rùn-ún irú lọ, láti èyí tó wúwo tó gíráàmù 30 dé indri tí igbe rẹ̀ ń dé ju kìlómítà kan lọ. Nǹkan bí ìdajì gbogbo irú ọ̀gà tó wà láyé, ibẹ̀ ló wà. Irú igi osè mẹ́jọ ló wà láyé. Mẹ́fà nínú wọn, Madagáskà nìkan ló ní wọn. Ejò ibẹ̀ kì í sábà ṣe ènìyàn ní ibi, ṣùgbọ́n ọ̀nì wà nínú odò.

Ǹjẹ́ ohun kan wà nílé wa tó ti ibẹ̀ wá?

Ó wà, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti jókòó lábẹ́ rẹ̀. Igi olódòdó pupa tó ń jó bí iná nínú ọgbà ilé-ìwé àti etí títì wa, tí àwọn kan ń pè ní panṣẹ́kẹ́, Madagáskà ni ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi abẹ̀bẹ̀ tó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń gbìn síwájú òtẹ́ẹ̀lì. Òdòdó kékeré aláwọ̀ osùn àti funfun tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé, Catharanthus roseus, ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn vincristine tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ewé rẹ̀ tútù ní májèlé o. Ẹ má ṣe sè é mu.

Báwo ni ilẹ̀ tó ní tó báyìí ṣe tálákà tó bẹ́ẹ̀?

Nickel àti cobalt wà ní Ambatovy, òkúta sàfáyà ní Ilakaka láti 1998, kànáfùrù àti fànílà ní etíkun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára kò tó, iná mànàmáná kò dúró, ìjì a máa wó ohun tí wọ́n kọ́, ìjà ìjọba sì ń lé olówó sá. Ní gúúsù, ebi ní orúkọ tirẹ̀: kere. Ọ̀dá ọdún 2019 sí 2021 ni èyí tó burú jù níbẹ̀ láàárín 40 ọdún. Nígbà kere, èso àti ewé ọ̀rọ́ ẹlẹ́gùn-ún, raketa, ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì fi ń bọ́ màlúù. Ní àwọn ọdún 1920, lábẹ́ ìjọba Faransé, wọ́n mú kòkòrò kan wá tó run raketa náà, ìyàn ńlá sì tẹ̀lé e. Àwọn Antandroy kò tíì gbàgbé.

Kí ló yẹ kí ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ múra sílẹ̀?

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́njú dání. Wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Aago wọn fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa. Oògùn ibà ṣe pàtàkì, pàápàá ní etíkun.

Owó wọn ni ariary. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé títí di ọdún 2005, faransì ni wọ́n ń ná, márùn-ún rẹ̀ sì ni ariary kan. Àwọn àgbàlagbà kan ní ọjà ṣì ń fi faransì ka owó. Bí iye tí wọ́n pè bá jọ yín lójú, ẹ béèrè pé “ariary ni àbí faransì?” kí ẹ tó san án, ẹ lè ti máa san ìlọ́po márùn-ún.

Taxi-brousse ni ọkọ̀ èrò wọn, ìjókòó bíi ti dánfó, ẹrù lórí rẹ̀. Kì í gbéra àfi tó bá kún, nítorí náà ẹ dé gáréèjì ní kùtùkùtù. Títì RN7, láti Antananarivo dé Toliara, gùn tó nǹkan bí 950 kìlómítà. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Nígbà òjò, ọ̀nà mìíràn lè gba ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má rìn lóru ní gúúsù, nítorí dahalo, àwọn olè màlúù tó ń gbé ìbọn, wà lójú ọ̀nà níbẹ̀.